Ọjọ́ Mẹ́rìnlá ní Kétu: Kíkọ́ Àwọn Ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì Kí Wọ́n Tó Wọ Collège

Kí a tó gbéra

Ní orílẹ̀-èdè Benin, Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ láti kíláàsì àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́fà ni ọmọ ń lò ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, láti CI dé CM2. Á ṣe ìdánwò CEP, bó bá sì yege, á wọ collège, ilé ẹ̀kọ́ girama wọn, ní kíláàsì tí wọ́n ń pè ní sixième. Ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń já lu ọmọ. Ọmọ olówó á ti gba ẹ̀kọ́ àfikún nílé. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni tó ń ta gàrí létí títì, tàbí ọmọ tí wọ́n fi sọ́dọ̀ ẹlòmíràn kó máa bá wọn ṣiṣẹ́ ilé, èyí tí àwọn Fọ̀n ń pè ní vidomègon, lè má tíì ka ìlà Gẹ̀ẹ́sì kan rí lọ́jọ́ tí olùkọ́ máa ní kí wọ́n ṣí ìwé. Àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ olùyọ̀ǹda yìí wà fún. Ọ̀sẹ̀ méjì ni, ní ìparí oṣù Kẹjọ, kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, ní Kétu tí Faransé ń kọ ní Kétou, ní ẹkùn Plateau tó bá Nàìjíríà pààlà.

Yorùbá tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ní ohun kan tí olùkọ́ tó ti London wá kò ní: ó gbọ́ èdè tí ìyá ọmọ ń sọ. Ọ̀pọ̀ ibi tí Faransé ti ń ṣi ọmọ lọ́nà nínú Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá á mú un débẹ̀ tààrà. Lórí èyí la gbé gbogbo ètò ọjọ́ mẹ́rìnlá náà kà.

Ẹrù tí a dì fún ọmọ 40: síléètì 44, nítorí díẹ̀ máa fọ́ dandan, páálí ṣọ́ọ̀kì funfun méjì, 100 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti páálí aláwọ̀ kan, fóòmù tí a gé wẹ́wẹ́ sọ́nà 44 láti fi nu síléètì, ìwé ìkọ̀wé 40, káàdì 80 tí a gé láti ara páálí líle, máákà dúdú mẹ́rin, okùn mítà mẹ́wàá àti pẹ́ẹ̀gì aṣọ 30, bọ́ọ̀lù kan tí a fi àkísà dì. Ọ̀rọ̀ tuntun mẹ́wàá lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́jọ ló di káàdì 80: àwòrán lójú kan, ọ̀rọ̀ lójú kejì. Ọ̀rinrin máa ń mú ṣọ́ọ̀kì rọ̀, kó má lè kọ̀wé mọ́, nítorí náà inú ike olómọrí ni kó wà. Ìwé àwòrán tí wọ́n tẹ̀ ní ìlú òyìnbó, tó kún fún yìnyín àti ọkọ̀ ojú irin, ẹ fi sílẹ̀. Ìkòkò, ewúrẹ́, kàǹga, ọkọ́ àti agbọ̀n ni kí ẹ yà.

Ìwé tó yẹ kó wà lọ́wọ́: páásípọ́ọ̀tù tàbí ìwé ìrìnnà ECOWAS, yẹ́lò káàdì (abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú yìí gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá lára kí ẹ tó rìn, láti 2016 sì ni ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó fún gbogbo ayé ẹni), ìwé ẹ̀rí ìwà láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, àti lẹ́tà ìpè láti ọwọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó gbà yín, ní èdè Faransé. Ẹni tí kò ní lẹ́tà yẹn kò tíì ní iṣẹ́ níbẹ̀.

Ọjọ́ kìíní, Sátidé: láti Èkó dé Kétu

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni a kúrò ní Mile 2, nítorí kò dára kí ilẹ̀ ṣú bá èèyàn lọ́nà Kétu pẹ̀lú ẹrù ilé ẹ̀kọ́. Ní Sèmè-Kraké, ibodè Nàìjíríà àti Benin, láti oṣù Kẹwàá 2018, ilé kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Òǹtẹ̀ méjì la ń gbà níbẹ̀: ti ìjáde Nàìjíríà àti ti ìwọlé Benin. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ọlọ́kadà á ní òun mọ ọ̀nà tó yá, á gbé èèyàn gba ẹ̀yìn, òǹtẹ̀ ò ní sí, wàhálà á wá dìde lọ́jọ́ ìpadàbọ̀. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú ẹgbẹ́ náà ní àyè 90 ọjọ́ láìgba físà, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ ni ẹ̀rí pé 90 ọjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Owó ibẹ̀ ni fáráǹkì CFA. Ẹ gba ṣéńjì wẹ́wẹ́, owó ẹyọ àti bébà 500 àti 1,000, torí ẹlẹ́kọ àti ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan kì í ní ṣéńjì 10,000. Páásípọ́ọ̀tù la fi ń ra síìmù. Láti ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 2024, nọ́ńbà wọn ti di oní-10, 01 ló sì ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí nọ́ńbà tí wọ́n fún yín bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ fi 01 síwájú rẹ̀. Ẹnu ṣájà Nàìjíríà onígun mẹ́ta kò wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn, tó jẹ́ oníhò róbótó méjì, ẹ mú alásopọ̀ kan dání. Aago wọn kò yàtọ̀ sí tiwa.

Láti ibodè a gba Àjàṣẹ́, tí ìwé ń pè ní Porto-Novo. Ibẹ̀ la ti wọ takisí tó ń gba Sakété àti Pobè lọ sí Kétu. Ó di ìgbà tó bá kún kó tó gbéra, owó ẹrù sì yàtọ̀ sí owó èèyàn. Ẹ dúnàá-dúrà lórí méjèèjì kí ẹrù tó gun ọkọ̀.

Ọjọ́ kejì, Sunday: ìkíni àti àdéhùn

Ọ̀dọ̀ olórí àdúgbò la kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ọmọ. Ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nílé. Ohùn Yorùbá wọn yàtọ̀ sí ti Ọ̀yọ́ àti ti Èkó, àti pé níbi tí àwa ti yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé ni àwọn yá a lọ́wọ́ rẹ̀. Síléètì, tíṣà, ṣọ́ọ̀kì: a lè pe ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kí ọmọ máa wò wá bí ẹni tí ń sọ èdè mìíràn. Ẹ tẹ́tí fún ọjọ́ kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ púpọ̀.

Wákàtí ẹ̀kọ́ la bá àwọn ìyá sọ jù. Wọ́n ń kórè àgbàdo lásìkò yìí, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì ń kiri ọjà lọ́sàn-án. Bí a bá fi kíláàsì sí aago mẹ́ta ọ̀sán, àwọn tí a torí wọn wá gan-an kò ní lè wá. Àdéhùn wa: aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ààbọ̀, ìsinmi ààbọ̀ wákàtí, mẹ́wàá sí mọ́kànlá ààbọ̀. A bèèrè ọjọ́ ọjà, a sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹlẹ́kọ kan nítòsí gbà láti máa gbé ògì gbígbóná àti àkàrà wá ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, a ń san án fún un ní ojoojúmọ́ bí ife bá ṣe pọ̀ tó. Láti 2017 ni ètò oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba Benin gbé lé àjọ PAM (Àjọ Oúnjẹ Àgbáyé) lọ́wọ́ ti ń lọ, ṣùgbọ́n ìsinmi ni, ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ ti pa. Ọmọ tí kò jẹun láti àárọ̀, aago mẹ́wàá ni ojú rẹ̀ ń kú.

Òfin tí a kà sétí gbogbo ẹni tó bá wa lọ: àgbà méjì ni kó máa wà nínú kíláàsì nígbà gbogbo, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo, a kì í ya fọ́tò ojú ọmọ, a kì í fún ọmọ kan lẹ́bùn ká yọ èkejì sílẹ̀, a kì í ṣèlérí pé a óò mú ọmọ lọ sí ìlú òyìnbó, kódà ká fi ṣeré. A kì í sì í ṣiṣẹ́ ní ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí tó ń gba àlejò fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ọmọ tí àlejò ń dì mọ́ra lóṣooṣù, tí gbogbo wọn sì ń lọ, ọgbẹ́ ni wọ́n ń dá sí i lára. Ní oṣù Kejìlá 2019, Àpéjọ Gbogboogbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà sọ̀rọ̀ nípa ewu irú ìyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ a rìn dé Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè ìlú àtijọ́, tó rí ogun Dahomey tó fọ́ Kétu ní 1886. Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọ ìlú kan mọ ohun tí ojú ìlú náà ti rí.

Ọjọ́ kẹta, Monday: ìdánwò ẹnu, àti lẹ́tà márùn-ún

A kò kọ́ wọn ní nǹkan kan kí a tó mọ ibi tí wọ́n dé. Ọmọ 40, àgbà méjì, ìṣẹ́jú méjì fún ọmọ kan: ogójì ìṣẹ́jú ló gbà wá. Ìbéèrè mẹ́wàá ni, ẹnu ni gbogbo rẹ̀: orúkọ, ọjọ́ orí, nǹkan mẹ́ta tí a nàka sí, kíkà dé mẹ́wàá, àwọ̀ kan, àti àṣẹ mẹ́ta bíi “dìde” àti “ṣílẹ̀kùn”. A kọ máàkì sí ìwé kan ṣoṣo. Kíláàsì kò tẹ́jú: àwọn mìíràn tó ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n wọn kọjá ibodè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ọjà díẹ̀, ọ̀pọ̀ kò gbọ́ rárá. Àwọn tó gbọ́ díẹ̀ la pín káàkiri, ọ̀kan sórí àga kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn èyí ni lẹ́tà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ tó ti òkèèrè wá ti ń sáré kọjá, torí wọ́n rò pé ọmọ tó ti mọ A, B, D lédè Faransé ti mọ̀ ọ́n ná. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “í”, E ni. Ohun tí Faransé ń pè ní “í”, I ni. Gẹ̀ẹ́sì ń pe G ní “jí”. Orúkọ tó súnmọ́ ọn jù lẹ́nu Faransé, J ló ni ín. A ti Gẹ̀ẹ́sì sì jọ É ti Faransé létí ọmọ. A pe lẹ́tà ọ̀rọ̀ egg lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n kọ ọ́ sí síléètì, ohun tó pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n gbé sókè ni ijj. Kò sí ọmọ tó ṣàṣìṣe níbẹ̀. Etí Faransé ni wọ́n fi gbọ́ ọ, wọ́n sì kọ ọ́ bó ṣe yẹ ní Faransé.

Lẹ́tà márùn-ún, A, E, I, G, J, la kọ gàdàgbà sára káàdì tí a fi pẹ́ẹ̀gì so kọ́ okùn lókè pátákó. Ìṣẹ́jú mẹ́ta láràárọ̀ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí, a ó nàka sí i, wọn á pè é. Àwọn lẹ́tà yòókù lè dúró.

Ẹ tún kíyè sí nọ́ńbà. Wọ́n ń fa ilà kọjá láàárín 7, orí 1 wọn sì máa ń gùn wálẹ̀, tó fi lè jọ 7 tiwa. Olùkọ́ tó bá kọ 7 láìfa ilà sí i, ọmọ lè kà á sí 1. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ni kí ẹ kọ ọ́.

Ọjọ́ kẹrin, Tuesday: síléètì àti ohùn

Àwọn olùkọ́ Faransé ti fi ọ̀nà síléètì kọ́ àwọn ọmọ yìí láti kékeré, ọwọ́ wọn ti mọ́ ọn, òun ló sì dára jù fún èrò tó pọ̀. Olùkọ́ á bèèrè ìbéèrè, á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta kí gbogbo wọn ronú. Á kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan: wọ́n á kọ. Á kàn án lẹ́ẹ̀kejì: ṣọ́ọ̀kì á dilẹ̀. Á kàn án lẹ́ẹ̀kẹta: síléètì á gòkè. Láàárín bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, ojú olùkọ́ ti yí ọmọ 40 ká láti òsì sí ọ̀tún, ó sì mọ ẹni tó yé àti ẹni tí kò yé. Kò ní dárúkọ ẹni tó ṣì í. Á mú àṣìṣe méjì tàbí mẹ́ta tó wọ́pọ̀ jù, á kọ wọ́n sí pátákó, gbogbo kíláàsì á sì tún un ṣe.

Ohun tó ń bà á jẹ́: ọmọ á wo ti ẹnìkejì, nítorí náà a pe ìlà àga kan ní A, èkejì ní B, ìbéèrè wọn kò sì jọra. Wọ́n á kọ ọ́ wẹ́wẹ́ débi pé ẹ̀yìn kíláàsì kò hàn. A ní kí lẹ́tà ga tó ìka mẹ́ta. Wọ́n á fi itọ́ nù ún. Ìdí nìyẹn tí fóòmù fi wà nínú ẹrù. Ike omi kan ló ń yí ká láti tẹ fóòmù náà.

Ní ti ohùn, a jẹ́ kí Yorùbá ṣiṣẹ́. Faransé kì í pe h, nítorí náà house máa ń jáde bí “aus”. Ẹ ní kí ọmọ sọ “ihò”, lẹ́yìn náà “ho, ho”, lẹ́yìn náà house. Ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń rákò. J Gẹ̀ẹ́sì náà ni j inú “ọjà” gan-an, kì í ṣe ti Faransé. “Ọjà, ja, jam”, ó ti bọ́ sí i. Ch ló le, torí Faransé ń kà á bíi ṣ, Yorùbá kò sì ní in. Ọ̀rọ̀ chair burú jù, ó wà nínú Faransé pẹ̀lú ìtumọ̀ mìíràn. A ní kí wọ́n pe t, kí wọ́n pe ṣ, kí wọ́n wá sún méjèèjì mọ́ra díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi di ọ̀kan. Th: orí ahọ́n á yọ síta láàárín eyín díẹ̀, kí atẹ́gùn gbà á kọjá. A fi ewé bébà kékeré síwájú ẹnu, bí bébà kò bá mì, kò tíì jáde. Ọmọ ń rẹ́rìn-ín sí i gan-an, ìyẹn sì dára, nítorí ẹ̀rù ahọ́n yíyọ wà lára ohun tó ń mú kí wọ́n máa pè é ní t tàbí s. Ẹ má dá ọmọ dúró lórí th ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹni tó sọ “tank you” ti dúpẹ́, ó sì yé ẹni tó gbọ́ ọ.

Bí ẹ bá fẹ́ lo Yorùbá, ẹ sọ ọ́, ẹ má kọ ọ́ sí pátákó. Ìkọ̀wé Yorùbá ní Benin yàtọ̀: ɛ ni wọ́n ń kọ dípò ẹ, ɔ dípò ọ, sh dípò ṣ, kp dípò p tiwa. Ọmọ tó bá rí “pọ̀” lójú pátákó, p ti Faransé ni yóò kà.

Gbogbo ọmọ kíláàsì náà kọ́ ló sì ń sọ Yorùbá. Fọ̀n ni èdè ilé àwọn kan, Fúlàní sì wà níbẹ̀. A fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó gbọ́ èdè méjì, a sì ń fi ọwọ́ àti àwòrán ṣe gbogbo nǹkan kí a tó fi Yorùbá ṣe é.

Ọjọ́ karùn-ún, Ọjọ́rú

Òjò rọ̀ sórí páànù láti aago mẹ́jọ ààbọ̀. Kò sí ohùn tó lè borí rẹ̀, ẹni tó bá ń pariwo á pàdánù ohùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ètò ìgbà òjò: ẹgbẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin, káàdì mẹ́jọ fún ẹgbẹ́ kan, kí wọ́n wo àwòrán, kí wọ́n yí káàdì padà wo ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n kọ wọ́n sínú ìwé. Ìwé wọn jẹ́ onílà wẹ́wẹ́ ti Faransé, wọ́n sì ń kọ̀wé alásopọ̀. Ẹ má pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ọ́ bíi ti Nàìjíríà.

Ọjọ́ kẹfà, Thursday: “I am twelve years old”

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ni gbólóhùn tó tọ́ jù láti fi han olùkọ́ ìdí tí èdè ìyá fi ṣe pàtàkì. Faransé ní “ọdún méjìlá ni mo ní”, nítorí náà ọmọ á kọ I have 12 years. Olùkọ́ lè pa á rẹ́ fún oṣù mẹ́ta, á tún padà wá. Ohun tí a ṣe: a ní kí ọmọbìnrin kan ní ìlà iwájú sọ ọjọ́ orí rẹ̀ ní Yorùbá. “Ọmọ ọdún méjìlá ni mí.” A ní kó tún un sọ, kó tẹ “ni mí” mọ́lẹ̀. “Ta ni ọ́?” “Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí.” I am a pupil. “Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?” Ó wo síléètì rẹ̀, ó fi ìka àtọ́ka pa have rẹ́, kì í ṣe fóòmù ló lò, ó kọ am síbi tó ṣì funfun fún eruku ṣọ́ọ̀kì, ó tún padà fi old parí rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti ń pa tiwọn rẹ́ kí a tó kan tábìlì.

Orúkọ náà bẹ́ẹ̀. Faransé ń bèèrè “báwo lo ṣe ń pe ara rẹ?”, Yorùbá ń bèèrè “kí ni orúkọ rẹ?”, gẹ́gẹ́ bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń bèèrè rẹ̀ gan-an. Níbi he àti she, ọ̀rọ̀ yí padà: “ó” la ní fún ọkùnrin àti obìnrin, Faransé ló pín wọn sí méjì. Níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ ìlú fi Faransé ṣàlàyé, ìṣẹ́jú kan ló máa gbà.

Bí a ṣe ń pín 90 ìṣẹ́jú báyìí: ìkíni àti orin mẹ́wàá, àtúnyẹ̀wò síléètì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀rọ̀ tuntun ogún, ọ̀rọ̀ ẹnu ní méjì-méjì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ìwé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìdágbére márùn-ún. Bí àkókò bá dín, ara ìwé ni ká ti gé e. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò gbọdọ̀ dín, torí ní sixième ìwé á pọ̀, àyè láti sọ̀rọ̀ á kéré.

Ọjọ́ keje, Friday: “red cloth”

Èyí ni ibi tó le jù nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí èdè méjèèjì ló pawọ́ pọ̀ ṣi ọmọ lọ́nà. Yorùbá ní “aṣọ pupa”, Faransé náà fi àwọ̀ sẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló fi síwájú. Àlàyé kò ràn án. Ara ló ń ràn án. Ọmọ kan di káàdì cloth mú, èkejì di red mú, wọ́n dúró níwájú. Kíláàsì sọ ọ́ ní Yorùbá: cloth wà lápá òsì, red lápá ọ̀tún. Olùkọ́ pàtẹ́wọ́, àwọn ọmọ méjèèjì yípò, kíláàsì sì kà á: red cloth. Ìyípò ogún, ọmọ ogójì, gbogbo wọn dé iwájú. Lẹ́yìn náà ni síléètì. Síbẹ̀, bí ìdajì wọn ṣì kọ goat black. A fi eré náà kún ìkíni àárọ̀ gbogbo ọjọ́ tó kù.

Ọjọ́ kẹjọ àti ìkẹsàn-án, òpin ọ̀sẹ̀

A lẹ káàdì tó ya, a ka síléètì: mẹ́ta ti fọ́. A wo ìwé ìpè orúkọ. Ọmọ méje ló pa ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ. Ìyá mẹ́rin nínú wọn ní àgbàdo ló mú wọn lọ sóko. Àwọn mẹ́ta jẹ́ ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. A kò lọ bá ọ̀gá ilé náà jà. Olórí àdúgbò ló bá wọn sọ̀rọ̀, ó ní kí ọmọ máa wá fún kíláàsì àkọ́kọ́ nìkan, kó padà lọ fún iṣẹ́. Méjì padà wá. Nítorí wọn, ọ̀rọ̀ tuntun gbogbo ọ̀sẹ̀ kejì wà nínú kíláàsì àkọ́kọ́, ìdánrawò sì wà nínú èkejì.

Ọjọ́ kẹwàá, Monday: s tí a kì í gbọ́

Yorùbá kì í fi nǹkan kún ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ láti sọ pé ó pọ̀. “Àwọn” tàbí nọ́ńbà ló ń ṣe é. Faransé ń kọ s, ṣùgbọ́n kì í sábà pè é. Ọmọ á wá kọ two goats dáadáa, á sì kà á ní two goat. A kọ́ wọn láti fọwọ́ yọ ohùn bí ejò sí ìparí rẹ̀, ọwọ́ á nà bí s ṣe ń jáde. Níwọ̀n bí ọwọ́ bá ti nà, ẹnu á tẹ̀lé e. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ọwọ́ á dilẹ̀, s á kù.

Ọ̀rọ̀ tí kọ́ńsónáǹtì parí rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹnu Yorùbá máa ń fi fáwẹ̀lì tì í lẹ́yìn: “búùkù”. Faransé ní irú òpin bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, ẹ kàn rán ọmọ létí bó ṣe ń pe sac.

Ọjọ́ kọkànlá, Tuesday: ìfàléwọ́

Olùkọ́ ìlú tó máa kọ́ àwọn ọmọ yìí lẹ́yìn wa ti jókòó sẹ́yìn kíláàsì láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Lónìí ó gba ìdajì. Ẹ̀rù ohùn ara rẹ̀ ló ń bà á, kì í ṣe ẹ̀rù ẹ̀kọ́. Ó rò pé àfi bí òun bá ń sọ ọ́ bí òyìnbó. Nírọ̀lẹ́ a ka ọ̀rọ̀ 80 pẹ̀lú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì fi àmì ohùn Yorùbá ràn án lọ́wọ́ níbi tí agbára ohùn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà: teacher, òkè-ìsàlẹ̀, tomato, òkè ní àárín. Ẹni tó ń sọ èdè olóhùn látàárọ̀ máa ń gbá a mú kíákíá. Bí olùyọ̀ǹda bá lo gbogbo ọjọ́ rẹ̀ fún ọmọ láìfún olùkọ́ ìlú ní nǹkan kan, gbogbo rẹ̀ ló máa bá a padà sọ́kọ̀.

Ọjọ́ kejìlá, Ọjọ́rú

Kíkà. Ìlà mẹ́fà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti mọ̀ nìkan, nípa ewúrẹ́ dúdú kan tó jẹ àgbàdo ẹnìkan. Ọ̀rọ̀ tó jọra tí kò jọ nínú: collège ilé ẹ̀kọ́ girama ni níbẹ̀, lecture kíkà ni, librairie ibi tí a ti ń ra ìwé ni. Mẹ́ta yẹn ti tó fún ọmọ ọdún méjìlá.

Ọjọ́ kẹtàlá, Thursday: ìdánwò ẹnu kan náà

Ìbéèrè mẹ́wàá ọjọ́ Monday àkọ́kọ́, ní ìtẹ̀léra kan náà, ṣùgbọ́n àgbà kejì ló bèèrè lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ má fi ojú ẹni kan kọ́ ìdáhùn. Gbogbo wọn dáhùn orúkọ àti ọjọ́ orí. Àṣẹ mẹ́ta rọrùn. Àwọ̀ ló kù díẹ̀: bí a bá nàka sí aṣọ pupa, ọmọ á ní cloth, á dákẹ́, á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, á yí wọn pò, á tó wá sọ pé red cloth. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn dára. Ẹ má kánjú bá a sọ ọ́. A kọ máàkì méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, a fún olùkọ́ ìlú ní ìwé náà, a kò sì kà á sókè fún kíláàsì.

Ọjọ́ kẹrìnlá, Friday

Olùkọ́ ìlú ló darí kíláàsì méjèèjì láti ìkíni dé ìdágbére, àwa jókòó sẹ́yìn. Ó ṣi lẹ́tà kan pè, ọmọ kan tún un ṣe, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Lẹ́yìn ògì, a to ẹrù sínú àpótí onígi kan pẹ̀lú rẹ̀: káàdì 80 ní ọ̀wọ́ mẹ́jọ, rọ́bà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà ọjọ́ lórí rẹ̀, káàdì lẹ́tà márùn-ún, síléètì 40, páálí ṣọ́ọ̀kì kan àti ààbọ̀ nínú ike olómọrí, okùn àti pẹ́ẹ̀gì. Bébà kan lẹ̀ mọ́ inú ìdérí àpótí: pípín 90 ìṣẹ́jú, orúkọ ọmọ tó ṣì ń kọ goat black, àti ọ̀rọ̀ ogún tí wọn kò tíì dé. Kọ́kọ́rọ́ àpótí wà lọ́wọ́ rẹ̀. A san gbèsè ògì tó kù fún ẹlẹ́kọ, a sì lọ bèèrè aago tí takisí Pobè ń kúrò láàárọ̀ ọjọ́ kejì.